Ikú Aboyún Kì í Bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ìkúnlẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, kí ni a máa ń kọ́kọ́ wí fún un? A máa ń wí pé: « Ẹ kú ewu ọmọ. » Ewu ni a kọ́kọ́ ń dárúkọ, kí a tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Àwọn ìyá wa mọ ohun tí ojú wọn rí kí wọ́n tó dá ìkíni yìí sílẹ̀. Ẹni tí ó bímọ ti gba ọ̀nà kan kọjá tí ẹlòmíràn gbà tí kò padà.

Níbo ni ewu náà ti ń wá? Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá ní abúlé, a ó gbọ́ èsì oríṣiríṣi. Àwọn kan yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwọn kan yóò ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò ní ẹ̀jẹ̀ ni ó dà jù. Nọ́ọ̀sì kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á béèrè ọ̀rọ̀ kan sí i. Ẹ̀jẹ̀ lè dà lára ìyàwó àgbẹ̀ ní oko. Ó sì lè dà lára ìyàwó ọ̀gá ilé ìwé ní ìlú. Èéṣe tí ti oko fi máa ń kú, tí ti ìlú sì máa ń yè?

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni owó, oúnjẹ, ọ̀nà, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti sọ pé « ẹ jẹ́ kí á lọ ». Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò.

Àwọn àìsàn tí ń pa aboyún

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn àìsàn náà. Èkíní ni ẹ̀jẹ̀ dídà, pàápàá lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde. Òun ni ó ń pa jù lọ. Èkejì ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojú àti ọwọ́ aboyún yóò wú, orí yóò máa fọ́ ọ gan-an, ojú rẹ̀ yóò máa ṣú. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, gìrì lè mú un. Ẹ̀kẹta ni kí ìdọ̀tí wọ ilé ọmọ, kí inú rẹ̀ sì di egbò, tí ara rẹ̀ yóò fi máa gbóná kọjá ààlà. Ẹ̀kẹrin ni kí ọmọ má lè jáde. Ẹ̀karùn-ún ni oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ ní ọ̀nà tí kò mọ́.

Nínú márààrún, kò sí èyí tí àwọn oníṣègùn kò ní ohun tí wọn yóò ṣe sí i. Abẹ́rẹ́ wà tí ń mú kí ilé ọmọ sún kì, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Oògùn wà fún gìrì. Oògùn wà fún egbò inú. Iṣẹ́ abẹ wà fún ọmọ tí kò lè jáde. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó kò fi ń sin aboyún bí àwa ti ń sin wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á pé ní ọdún 2023, nǹkan bí 260,000 obìnrin ni oyún tàbí ìbímọ pa ní gbogbo ayé. Bí a bá pín wọn sí ọ̀nà mẹ́wàá, ọ̀nà méje ni ti ilẹ̀ Áfíríkà, níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ní Benin níbí ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 sọ pé bí a bá bí 100,000 ọmọ láàyè, ìyá 397 ni ń kú. Wọ́n tún ṣe irú ìwádìí yìí ní ọdún 2017 sí 2018. Wọ́n rí 391. Ẹ wo iye méjèèjì dáadáa. Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sún rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú ìwádìí kejì yìí, bí a bá ka ọgọ́rùn-ún ìbímọ, ó ju ọgọ́rin lọ tí ó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni wọ́n ti bí wọn. Ó yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. A ó padà sí i.

Obìnrin méjì, òru kan

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo obìnrin méjì. A kò ní fún wọn ní orúkọ, nítorí irú wọn wà ní gbogbo abúlé. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀. Àwọn méjèèjì bímọ ní òru kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára àwọn méjèèjì, kò sì dá.

Èkíní ń gbé ní ẹ̀bá títì. Ó ń ṣe gàrí tà, owó gàrí rẹ̀ sì wà ní ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà oyún, ó lọ sí ibi àyẹ̀wò ní ìgbà márùn-ún. Wọ́n sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó, wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì lò ó. Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ rí i pé aṣọ kẹta ti rin gbindin, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó ké sí ọmọkùnrin àdúgbò tí ń wa zémídján. Kí wákàtí kan tó pé, wọ́n ti gún un ní abẹ́rẹ́.

Èkejì ń gbé ní oko. Ìrìn wákàtí méjì ni ó wà láàárín oko náà àti títì. Ọmọ kẹfà rẹ̀ ni èyí, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sì tíì pé ọdún méjì. Títí di àná ni ó fi ń roko. Ọkọ rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, níbi tí ó ti lọ ṣe iṣẹ́ alágbàṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ ná. Ẹ̀gbọ́n dé ní ìdájí. Ó béèrè pé ta ni yóò san owó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò yá wọn. Nígbà tí wọn yóò fi rí owó, ilẹ̀ ti mọ́, odò sì ti kún bo afárá igi.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbímọ lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le láàárín wákàtí méjì. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó pa èkejì? Nínú ìwé, wọn yóò kọ « ẹ̀jẹ̀ dídà ». Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà padà láti ìparí. Odò tí kò ní afárá gidi wà níbẹ̀. Owó tí kò sí nílé wà níbẹ̀. Àṣẹ tí obìnrin kò ní wà níbẹ̀. Iṣẹ́ oko àti oyún àtẹ̀léra tí ó ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìwọ̀nyí ti wà nílẹ̀ kí ìrọbí tó mú un.

Ní ọdún 1994, àwọn ọ̀mọ̀wé obìnrin méjì, Sereen Thaddeus àti Deborah Maine, kó irú ìtàn báyìí jọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n rí i pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa aboyún. Ìdádúró èkíní wà nínú ilé: a kò tètè pinnu láti lọ. Èkejì wà ní ọ̀nà: a kò tètè dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta wà ní ilé ìwòsàn: a dé ibẹ̀, wọn kò tètè tọ́jú wa. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn pé àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Owó wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni ó wà?

Àwọn kan ní ìlú máa ń sọ pé àwọn obìnrin oko kò fẹ́ràn ilé ìwòsàn, pé olórí kunkun ni wọ́n. Èmi kò gbà. Ẹni tí kò ní owó zémídján ní ọwọ́, tí ó mọ̀ pé wọn yóò béèrè owó ìwé, owó ìbọ̀wọ́, owó oògùn, tí ó sì mọ̀ pé wọn yóò bú òun bí kò bá ní in, kì í ṣe olórí kunkun bí ó bá jókòó sílé. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo bí owó ti ń wọ ilé àgbẹ̀. Owó òwú àti owó kajú máa ń wọlé ní ẹ̀ẹ̀kan náà, ọwọ́ ọkùnrin ni ó sì máa ń bọ́ sí. Obìnrin ti bá wọn gbìn ín, ó ti bá wọn ká a, ó ti rù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ka owó, kò sí níbẹ̀. Owó tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni èyí tí ó rí nínú gàrí, epo, ata tàbí ẹ̀wà dídín. Owó kékeré ni, ojoojúmọ́ ni ó sì ń jáde: iyọ̀, ọṣẹ, ìwé ọmọ. Bí oyún bá ti wúwo, tí kò lè ru ẹrù lọ sí ọjà mọ́, owó kékeré náà yóò dáwọ́ dúró. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbà tí obìnrin nílò owó jù lọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣófo jù lọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba gbìyànjú. Ní ọdún 2009, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ètò kan pé kí obìnrin tí wọ́n bá la inú rẹ̀ gbé ọmọ jáde má san owó iṣẹ́ abẹ náà mọ́. Ìjọba ni yóò san 100,000 sẹ́fà fún ọsibítù lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Kí ètò yìí tó dé, àwọn kan ta oko, àwọn kan jẹ gbèsè fún ọdún púpọ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo. Ohun ńlá ni. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín bí ètò náà ti rí lónìí, àti ohun tí yóò kù fún yín láti san. Ṣùgbọ́n ètò yìí kò rán alùpùpù wá sí oko, kò sì lè jí ẹ̀gbọ́n ọkọ lójú oorun.

Oṣù kẹfà, oṣù ìyàn

Ẹ rántí pé oṣù kẹfà ni àwọn obìnrin wa méjì bímọ. Ó ní ìdí tí a fi mú oṣù náà. Iṣu àtijọ́ ti tán nínú abà. Iṣu tuntun kò tíì jáde. Àgbàdo ṣì wà lójú oko. Owó kajú ti ná tán. Ojú ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Ẹ̀fọn pọ̀, ibà pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà náà gan-an ni koríko ń lé wa nínú oko, tí a nílò ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Ebi, ibà, iṣẹ́ àti ẹrẹ̀ péjọ sórí aboyún nínú oṣù kan ṣoṣo.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀? Ọmọ inú ń mu nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ibà ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà. Aràn inú ń mu ún. Bí oúnjẹ bá jẹ́ ọ̀kà ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lásán, tí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran kò sí níbẹ̀, kò sí ohun tí ara yóò fi ṣe òmíràn. Ìpéǹpéjú rẹ̀ nísàlẹ̀ yóò funfun, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò funfun, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun òkè díẹ̀. A ó ní ọ̀lẹ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ti tán. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ẹlòmíràn lè pàdánù kí ó sì dìde lè gbé e lọ.

Àwọn èèwọ̀ wa kan tún ń fi kún un. Wọ́n ní kí aboyún má jẹ ẹyin kí ọmọ má baà di olè. Wọ́n ní kí ó má jẹ ìgbín kí itọ́ má baà máa dà lẹ́nu ọmọ. Kò sí ẹyin tí ń sọ ọmọ di olè, kò sì sí ìgbín tí ń sọ ọmọ di onítọ́. Ẹyin àti ìgbín ń fún aboyún ní agbára àti ẹ̀jẹ̀. Kò sí èèwọ̀ kankan tí ó sọ pé kí baálé ilé má jẹ wọ́n. Ẹ ronú sí i. Bí ìgbín kan bá bọ́ sínú ọbẹ̀ ní oṣù kẹfà, àwo ta ni ó máa ń bọ́ sí?

Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún aboyún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ní ibi àyẹ̀wò, àti oògùn tí ń dènà ibà láti nǹkan bí oṣù kẹrin, àti àpò ẹ̀fọn. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí aboyún rí oníṣègùn ní ìgbà mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ó tó bímọ. Ìgbà mẹ́jọ! Fún ẹni tí ó wà ní oko jíjìn, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́jọ ni ó lọ yẹn, pẹ̀lú owó ọ̀nà mẹ́jọ. Bí ilé kò bá gbà pé iṣẹ́ ni lílọ síbẹ̀, bí ìròkò ti jẹ́ iṣẹ́, kò ní lè lọ.

Ta ni ó ń sọ pé « ẹ jẹ́ kí á lọ »?

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, aboyún fúnra rẹ̀ kọ́ ni yóò sọ pé òun ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ ni yóò sọ ọ́, tàbí ìyá ọkọ, tàbí baálé. A kò wí pé kí á kó àṣà dà nù. Ohun tí a ń wí ni pé ẹni tí ó ní àṣẹ yẹ kí ó lò ó kí ó tó di òru. Ọkọ tí ń lọ sí Nàìjíríà lè sọ fún gbogbo ilé kí ó tó gbéra pé: « Bí ohunkóhun bá ṣe ìyàwó mi, ẹ má dúró dè mí. Owó wà ní ọwọ́ ìyá mi. Lágbájá ni yóò gbé e. » Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ó lè sọ ọ́ lórí tẹlifóònù pàápàá. Bí ó bá ti sọ ọ́, ìdádúró èkíní ti parí.

Ọjọ́ orí wà nínú ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí. Ọmọbìnrin tí a fi fún ọkọ ní ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè la ẹnu níwájú ìyá ọkọ. Ìbàdí rẹ̀ kò sì tíì gbòòrò tó kí orí ọmọ lè kọjá. Yóò rọbí fún ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá kú, ojú ara rẹ̀ lè ya títí dé ilé ìtọ̀, tí ìtọ̀ yóò fi máa dà lára rẹ̀ láìdá, tí ọkọ yóò sì lé e nítorí òórùn. Àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Ọsibítù Saint Jean de Dieu ní Tanguiéta, ní àríwá Benin, wà lára ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú yàrá. Òfin ẹbí tí ó jáde ní Benin ní ọdún 2004 sọ pé kí ọmọbìnrin má ṣe ìgbéyàwó kí ó tó pé ọdún méjìdínlógún. Ọmọbìnrin tí ó bá pẹ́ ní ilé ìwé yóò pẹ́ kí ó tó lóyún. Bí ó bá wá lóyún, yóò lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀, kò sì ní máa wo ẹnu ẹlòmíràn.

Ní ti oyún àtẹ̀léra, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó dára kí ọmọ pé ọdún méjì kí ìyá rẹ̀ tó lóyún mìíràn. Àwọn ìyá wa mọ èyí, wọ́n sì máa ń yẹra fún ọkọ nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú. Lónìí, ọ̀nà púpọ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Ẹ lọ béèrè, ọkọ àti ìyàwó lápapọ̀.

Bí a bá dé ilé ìwòsàn ńkọ́?

A ti ṣèlérí láti padà sí ọ̀rọ̀ kan. Ìbímọ tí ó ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún ń wáyé ní ilé ìwòsàn, síbẹ̀ àwọn ìyá ń kú. Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ ń dé ibẹ̀ nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ wa nìkan. Ilé ìwòsàn kékeré lè wà tí kò ní iná, tí abẹ́rẹ́ ti tán níbẹ̀, tí agbẹ̀bí kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Òṣìṣẹ́ mìíràn wà tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Obìnrin tí wọ́n bá bú nígbà ìrọbí kò ní padà wá nígbà oyún kejì, yóò sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn aráàlú ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ilé ìwòsàn abúlé. Ẹ yan obìnrin sínú rẹ̀, kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo tí yóò jókòó sí ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tí ó tán àti ọ̀rọ̀ èébú, ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ wọ́n.

Ohun kan wà tí owó nìkan kò lè rà ní òru: ẹ̀jẹ̀. Inú ara ènìyàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá tán ní ọsibítù, wọn yóò yíjú sí àwọn ẹbí. Mo ti rí ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀lé aboyún dé ọsibítù, tí gbogbo wọn sì sá nígbà tí wọ́n rí abẹ́rẹ́. Àwọn kan rò pé ẹni tí ó bá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò ní lágbára mọ́ nínú yàrá. Irọ́ ni. Ara ọkùnrin tí ó le ń ṣe òmíràn dípò èyí tí ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó tàbí àbúrò rẹ̀, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kí oyún tó gbó, kí wọ́n mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Oǹdó

Àwọn ará wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní Nàìjíríà, gbé ọ̀rọ̀ ìdádúró yìí yẹ̀ wò. Ní ọdún 2009, nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò jẹ́ gómìnà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Abíyè. Ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́dọ̀rẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn aboyún ní tẹlifóònù alágbèéká. Wọ́n yan òṣìṣẹ́ ìlera tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò nílé, tí aboyún lè pè ní òru. Wọn kò gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ wọn. Ẹ ò rí i pé gbogbo ohun tí ó dá obìnrin kejì wa dúró ni wọ́n fọwọ́ kàn: àṣẹ, ọ̀nà, owó.

Ní ọdún 2014 wọ́n fi òmíràn kún un, Agbẹ̀bíyè. Àwọn ìyá àgbẹ̀bí ìbílẹ̀ ni èyí wà fún. Wọn kò lé wọn, wọn kò sì bú wọn. Ìyá àgbẹ̀bí tí ó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn gba owó díẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n lè fi jẹun. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ìyá àgbẹ̀bí tí ó di aboyún mú títí ó fi pẹ́ jù lè má jẹ́ ènìyàn burúkú. Ó lè jẹ́ pé owó oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń dì mú.

Àpótí aboyún

Bí ètò bí ti Oǹdó kò bá sí ní abúlé yín, ẹ lè dá èyí tí agbára yín ká sílẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n, oṣù mẹ́sàn-án sì ni oyún fi ń sọ tẹ́lẹ̀. Àwa tí a mọ àjọ àti èésú kò nílò kí àlejò wá kọ́ wa bí a ti ń kó owó jọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kan. Bí ogójì obìnrin bá ń dá 100 sẹ́fà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, 4,000 sẹ́fà ni lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Ní ìparí ọdún, 208,000 sẹ́fà ni yóò wà nínú àpótí. Bí àwọn ọkọ bá dá iye kan náà, yóò di 416,000. Kì í ṣe gbogbo aboyún ni yóò nílò rẹ̀. Èyí tí ó bá nílò rẹ̀ yóò rí i ní òru, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó máa ń da irú àpótí báyìí rú kì í ṣe àìní owó. Àìgbẹ́kẹ̀lé ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àpótí ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ní ọwọ́ ènìyàn méjì tí ilé wọn kò jìnnà sí ara wọn, kí ẹnìkan má lè ṣí i nìkan. Ẹnìkan nínú wọn kò gbọdọ̀ kúrò ní abúlé láìfi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ pinnu ṣáájú bóyá ẹni tí ó bá lò ó yóò san án padà, àti oṣù mélòó ni yóò fi san án. Ẹ pinnu ohun tí ẹ ó ṣe bí ìyá náà bá kú. Èrò tèmi ni pé kí ẹ má gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ zémídján méjì ṣe àdéhùn iye tí wọn yóò gbà ní òru, kí ó má jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ni ẹ ó máa ná ọjà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà ni iṣẹ́ yìí yẹ. Ẹ fa ìlà márùn-ún sórí ojú ewé, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú ìlà èkíní, ẹ kọ orúkọ aboyún. Nínú èkejì, ẹ kọ oṣù tí yóò bí. Nínú ẹ̀kẹta, ẹ kọ ẹni tí ó ti gba àṣẹ láti sọ pé « ẹ jẹ́ kí á lọ ». Nínú ẹ̀kẹrin, ẹ kọ ẹni tí yóò gbé e, àti nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀. Nínú ẹ̀karùn-ún, ẹ kọ ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ka ìwé náà sókè ní gbogbo ìpàdé. Bí ibì kan bá ṣófo níwájú orúkọ aboyún kan, kí ẹni méjì nínú yín lọ bá ọkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.